Ọjọ́ Tí Bàbá Àgbà Di Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ìgàndò níbí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà wà káàkiri báyìí. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nílé ìwé wa, ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ló sì wà, wọ́n daṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun. Síbẹ̀, olùkọ́ wa ń kọ́ wa ní èdè tí ẹ̀rọ náà ń gbọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Bésíìkì. Ojú pátákó la ti ń kọ́ ọ. A ó kọ tiwa sínú ìwé, olùkọ́ á fi bírò pupa sọ fún wa bóyá ẹ̀rọ yóò gbọ́ ọ tàbí kò ní gbọ́.

Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn ju oúnjẹ lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé olùkọ́ ti sọ pé tí sáà bá ń parí lọ, kálukú yóò tẹ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ yóò kúrò ní kíláàsì náà, torí a ti pọ̀ jù. Iṣẹ́ ọ̀hún kò gùn: kí ẹ̀rọ kọ orúkọ wa, kó máa tún un kọ títí yóò fi tó iye tí a fẹ́, kó wá dúró.

Bàbá tó bí bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Télọ̀ ni wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ orúnkún ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bá mi nídìí kànga ẹ̀yìnkùlé tí mo fajú ro, mo ròyìn ẹ̀rọ náà fún wọn, wọ́n sì bi mí pé irú ẹ̀rọ wo nìyẹn gan-an. Mo ní ohun tí èèyàn bá ní kó ṣe nìkan ló ń ṣe, kì í fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un.

"Ìyẹn nìkan? Èmi náà lè ṣe é jàre. Pàṣẹ fún mi."

Ẹ wò ó, níbo ni ọmọ ti ń pàṣẹ fún bàbá bàbá rẹ̀? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, tí kò bá ní ni yín lára..." Wọ́n ní kọ̀ǹpútà wo ni mò ń bẹ̀ báyẹn, kí n dìde, àwọn kì í ṣe bàbá mi mọ́ ní báyìí. Ni mo bá ya bébà kan, mo kọ ọ́ sí i: Yí kànga po. Pe oríkì mi. Padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo kà á sí wọn létí, wọ́n sì gbéra.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Wọ́n á yí i po, wọ́n á fi ohùn dídùn pe oríkì mi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ ni màmá mi rán mi ní kẹrosíìnì, mo sáré lọ, ọkàn mi kúrò níbẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mo padà dé, bàbá ṣì ń yí kànga, wọ́n ti ń tiro, òógùn bo ojú wọn. Màmá mi náà yọ sí wa.

"Yé, ṣé o fẹ́ pa bàbá ni? Bàbá, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́!"

"Má bá a wí, ìyàwó mi. Kò tíì ní kí n dúró ni."

Mo bú sẹ́kún. Mo ń pariwo pé ẹ dúró, bàbá, ẹ dúró. Wọ́n mirí, wọ́n nawọ́ sí bébà náà, wọ́n ń rìn lọ. Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo kọ ìlà kan sí i: Tó bá ti pé márùn-ún, dúró. Mo kà á.

"Ó ti pé tipẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo tẹ tèmi. Orúkọ mi jáde lójú ẹ̀rọ, ó tún jáde, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi kò dúró rárá, ṣe ni wọ́n ń pa ẹ̀rọ fún wọn. Mo sáré délé, mo ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá, ó dúró!" Òrí ni wọ́n ń fi pa ẹsẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Orúnkún tirẹ̀ ńkọ́?"

Ayé ti yí padà. Wọ́n ti dí kànga yẹn pa. Ọmọ ọmọ mi ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, Páítọ̀nù ni wọ́n ń pe èdè tiwọn, bó bá sì ṣì í kọ, ẹ̀rọ á fi ibi tó ti ṣì í hàn án kíá. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ kò sí ẹni tó ń pe oríkì mi mọ́, mo sì ń ṣàárò rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi yìí wá bá mi pé iṣẹ́ àmúrelé kan kò yé òun. Mo ní kó pàṣẹ fún mi. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde. Ó kọ ọ́ sí bébà, ó kà á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí tábìlì pálọ̀ po, mò ń pe oríkì rẹ̀. Ó gbàgbé láti kọ ibi tí n ó ti dúró. N kò rán an létí.