Agbẹ̀bí àti Oníkọ́kọ́rọ́ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Kan Náà

Ẹni mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ kan ní àdúgbò wa. Iṣẹ́ la fi ń dá wọn mọ̀. Tísà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Agbẹ̀bí ti gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò, títí kan àwọn kan tí ì bá dára kí wọ́n ṣì jókòó síbi tí wọ́n wà. Ẹnì kẹta ni Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo ní lẹ́nu.

Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọ̀gá rẹ̀ wo ilẹ̀kùn tó kàn, ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, ilẹ̀kùn rẹ wọ́, ṣùgbọ́n àgádágodo ara rẹ̀ dúró ire. Máa bá irin lọ." Ó bá irin lọ, ó di ọgbọ̀n ọdún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ: ẹ̀rọ tí ń gé kọ́kọ́rọ́, àga kan, àti kọ́kọ́rọ́ tó lọ bẹẹrẹ lára ògiri.

Àwọn ọkọ aláboyún nìkan ló ń bí i nínú. Orúkọ kan náà lòun àti agbẹ̀bí ń jẹ́ lórí fóònù gbogbo ènìyàn, tirẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń tẹ̀.

"Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀," ni yóò jágbe, "ẹ má pè mí síbi ìparí!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ kan pè é. "Ìyàwó mi ti ń rọbí! Ẹ sáré máa bọ̀!" Kí bàbá tó lanu, ìpè ti já. Ó pè é padà, kò gbé e. Ó ṣépè díẹ̀ fún ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ, ó rántí pé ìyá òun ni, ó tọrọ àforíjì, ó sì sáré lọ sílé agbẹ̀bí.

"Mo mọ ilé wọn. Ẹ bá mi gbé báàgì," nìyẹn wí. "Orókún mi ò fẹ́ àtẹ̀gùn."

Wọ́n bá awakọ̀ níbi tó ti ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn irin. Ó ti sáré jáde lọ tọ́jú mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀. Atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn dé, kọ́kọ́rọ́ wà nínú. Irin wà lójú fèrèsé. Ìyàwó ń ké ní yàrá, kò lè dìde.

Agbẹ̀bí wò ó. "Àwa méjèèjì tó ń jẹ́ orúkọ náà la wá. Èwo lẹ fẹ́ kọ́kọ́ lò?"

Oníkọ́kọ́rọ́ ti kúnlẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kì í kúrò lápò rẹ̀. Ọwọ́ tó ti ṣí ilẹ̀kùn báńkì (wọ́n pè é ni o) ti wà lẹ́nu àgádágodo.

"Ìyá ọmọ, má tíì fi agbára sí i o!" ni agbẹ̀bí ń pariwo. "Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fi agbára sí i!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Agbẹ̀bí wọlé fìrì, ó gbàgbé orókún. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan fi ké.

"Okùn ìwọ́ wé mọ́ ọmọ náà lọ́rùn," ni agbẹ̀bí wí nígbà tó jáde. "Ká ní a fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ sí i..."

Awakọ̀ dì mọ́ oníkọ́kọ́rọ́. "Orúkọ yín la ó sọ ọ́, Bàbá!"

"Ẹ má dán an wò! Àwa mẹ́ta ti pọ̀ jù."

Ó kọjú sí ògiri, ó nu ojú. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn. Kò tíì sí ẹni tó ti ibẹ̀ wọ ilé ayé rí. "Mo dúpẹ́ o," ló ń wí ṣáá.

Wọ́n ṣì ń ṣì í pè. Kò jágbe mọ́. Ó kàn máa ń bèèrè pé, "Ilẹ̀kùn yín ńkọ́, ó ṣí?" kó tó lọ pe agbẹ̀bí.