Ìka Méjì Lábẹ́ Ọkọ̀ Tọ́ntọ̀n

Òórùn rọ́bà tó ń jó wọ ọ́fíìsì mi lánàá, ọkàn mi sì padà sí ọ̀sán kan lẹ́sẹ̀ òkè ní Dásà. Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Tọ́ntọ̀n, ń yan jáńtì, irin tí táyà ń jókòó lé, fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, èkejì fẹ̀, ó yọ síta, ó ń dán bí abọ́ tuntun.

Ó de èyí tó fẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ó ní kí n ki ọwọ́ sáàárín táyà àti ara ọkọ̀.

"Ìyá kékeré," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ìka mélòó ló wọlé? Bí kò bá pé méjì, màá dá a padà."

Ẹyọ kan ló wọlé. Ṣùgbọ́n jáńtì náà wù mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, pé tèmi náà yóò bàjẹ́.

"Méjì ni, Tọ́ntọ̀n."

"Mo mọ̀!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ iṣu, a forí lé abúlé Lèma. Ẹrù tẹ ọkọ̀ wálẹ̀, táyà ń ha ara ọkọ̀, ó ń rùn, títí ó fi bẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ìyá àgbà gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ karí.

"Ẹsẹ̀ tèmi kì í bẹ́." Kò wọ ọkọ̀ náà mọ́ láéláé.

"Ẹ má bínú, èmi ni mi ò wò ó dáadáa," Tọ́ntọ̀n ń bẹ̀ ẹ́. Mo fi ọwọ́ mi pamọ́ sẹ́yìn.

Ojú Tọ́ntọ̀n ti ń fọ́ nígbà náà. Ìdí nìyẹn tó fi yá ojú tèmi.