Nígbà Tí Wọ́n Ṣì Ń Ka Géèmù Wa

Ọkàn mi ṣì máa ń fà sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní Ilé-Ifẹ̀ láyé ìgbà náà, kí yunifásítì tó dé. Pápá tẹníìsì wa kò ju ilẹ̀ pupa tí a fi ẹfun fa ìlà sí lọ. Bí wọ́n bá ń da màlúù kọjá lọ sí Sábó, a ó dúró kí eruku rọlẹ̀, a ó tún ìlà fà, eré á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni méjì-méjì ló ń jọ gbá a, ọ̀wọ́ mẹ́ta sì ni ẹgbẹ́ wa. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà tí kò tíì gbéyàwó àti bàbá kan tó jẹ́ akọ̀wé kóòtù la jọ wà ní ọ̀wọ́ kẹta. Kí n má purọ́, àwa la kò mọ̀ ọ́n gbá jù. Ọ̀wọ̀ àgbà ló kọ́kọ́ ń pa wá. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sáàárín wa, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n gbà á." Kí n tó sọ ọ́ tán, bọ́ọ̀lù ti wọgbó lẹ́yìn wa. Bàbá fúnra wọn ló sú. "Tíṣà, ìwọ ṣáà pariwo 'Èmi!' Tá a bá délé, kó o wá dọ̀bálẹ̀."

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ fẹ́ràn wa, nítorí bí a ṣe ń kà á. Gbogbo géèmù tí ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbà la máa ń rò pọ̀, ẹgbẹ́ tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Bí wọ́n tilẹ̀ na èmi àti bàbá, géèmù méjì tí a bá já gbà lè gba gbogbo ẹgbẹ́ là. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn ọ̀jẹ̀ inú wa á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, wọ́n á máa ké, "Bàbá, ẹyọ kan péré sí i! Ẹ má jẹ́ ó lọ!" Ó ń wù mí kí n tún gbọ́ ariwo yẹn, ó ń wù mí gan-an.

Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ ìlú yòókù ní eré ti ń pẹ́ jù, ilẹ̀ ń ṣú. Wọ́n ní kí ọ̀wọ́ tó bá borí gba àmì kan, kí ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ ní àmì méjì gbé e lọ. Ó rọrùn, mi ò jiyàn. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó kan ọ̀wọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ á ti parí. Àwọn tó ń ké sí wa tẹ́lẹ̀ á ti máa fọ eruku ẹsẹ̀ wọn. Bàbá á ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò funfun wọn láti ilé kó gún régé, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa retí. Kì í ṣe ìpàdánù ló ń dun bàbá. Wọ́n kàn fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣì nílò àwọn ni.

Ní Sátidé kan, àwọn ará Iléṣà wá bá wa gbá a. Ọ̀wọ́ wa àkọ́kọ́ fi díẹ̀ báyìí pàdánù, ìkejì náà fi díẹ̀ pàdánù. Ó bùṣe. Olórí ẹgbẹ́ wa ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ó ti tán."

Bàbá ní, "Tiwa ò tíì tán."

Gbogbo wọn kọrí sí ìdí mọ́tò lọ mu ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn ọmọkùnrin Iléṣà méjì tí wọ́n pa tì bíi tiwa ló gbà láti bá wa gbá a.

Mi ò mọ ohun tó gùn wá. "Èmi!" lọ́tùn-ún, "Èmi!" lósì. Bàbá ń ké iye géèmù sókè ketekete bí ẹni ń pe ẹjọ́ ní kóòtù. A nà wọ́n, ìnà gidi, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń jọ gbá a. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Bàbá ń de rákẹ́ẹ̀tì mọ́ inú férémù pákó tí kì í jẹ́ kó wọ́, wọ́n ń ṣírò lẹ́nu. "Tíṣà, ká ní kíkà àtijọ́ ni, géèmù mẹ́ta ni gbogbo ẹgbẹ́ wa fi jù wọ́n lọ. Àwa ni ì bá gba ẹgbẹ́ là."

Mo ní kí n sáré lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wa nídìí mọ́tò. Bàbá di apá mi mú. "Ta ló fẹ́ gbọ́?"

Mo sin bàbá délé. Lẹ́nu ọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún gbogbo "Èmi!" tí mo ti ké mọ́ wọn lórí. Bàbá fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Dìde, Tíṣà. A borí."

Bàbá ò tún wá sí pápá mọ́. Wọ́n ti di ará ọ̀run tipẹ́, pápá náà sì ti di ilé. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ pé a borí.