Ọwọ́ Tó Wẹ Ọmọ Wa

Bí ẹ bá dé Ilora tí ẹ ń béèrè ilé Bàrákátù, àwọn ọmọdé á kàn máa wò yín ni. Ìyá Sìrájù ni kí ẹ béèrè. Wọ́n á nawọ́ sí ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tó kọjú sí ẹ̀rọ omi àdúgbò, tó fi ẹ̀gbẹ́ kan ti tèmi. Ògiri kan péré ló wà láàrin wa. Bó bá húkọ́ nínú ilé rẹ̀, mo lè kí i pẹ̀lẹ́ láti yàrá mi.

Èmi ni Josephine. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà, ní Fìdítì àti ní Ilora níbí, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ fún yín pé ẹnu mi mú. Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Ẹnu náà ló sọ mí di ohun tí mo dà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Ìyá Sìrájù ń ṣe.

Kò kàwé, kò sì ṣòwò ńlá kan. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ń gbìn lójú ọ̀nà Imini. Àmọ́ láti bí ogójì ọdún, kò sí ilé tí wọ́n ti bímọ ládùúgbò wa tí wọn kì í ránṣẹ́ pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìmàle ni o, Onítẹ̀bọmi ni o, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kan náà ló fi ń wẹ gbogbo wọn. Kì í gbà ju ọṣẹ àti àdín tó bá ṣẹ́ kù lọ. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀. Á wẹ̀ ẹ́, á na apá, á na ẹsẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ rọ orí tí kò bá rí roboto. Tó bá wá ku díẹ̀ kó parí, á gbá ọmọ mú lábẹ́ abíyá, á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì máa wí pé: "Má bẹ̀rù òkè. Má bẹ̀rù ilẹ̀. Má bẹ̀rù èèyàn." Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò bá jù sókè, ojo ni yóò yà.

Bó ṣe wẹ Olúwatóyọ̀sí nìyẹn, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi. Ẹ̀jẹ̀ dà lára mi nígbà tí mo bí i débi pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi lè dìde. Ìyá Sìrájù ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń fọ aṣọ mi, òun ló ń po ẹ̀kọ fún mi mu.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Tóyọ̀sí lóyún. Abẹ́òkúta ni Akínwándé ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà Tóyọ̀sí wá sinmi lọ́dọ̀ mi. Oyún náà kò ju oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó wá bá mi ní ilé ìdáná.

"Mọ́mì, ìró mi ń rin ṣáá. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìtọ̀ ni," mo ní. "Ọmọ ló ń tẹ àpò ìtọ̀ rẹ. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn nígbà oyún rẹ."

Irọ́ ni. Kò ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Àjọ̀dún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ló bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi yẹn, èmi sì ni ààrẹ. Àlejò ń bọ̀ láti Awẹ́ àti Jọ́bẹ̀lẹ́. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìkíni mi, mo ti kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé Tóyọ̀sí lọ sí ọsibítù, wọ́n lè dá wa dúró. Mo rò pé ọjọ́ méjì kì í ṣe nǹkan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Sìrájù rí ìró náà lórí okùn. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbé e sí imú, ó sì fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Tíṣà, omi oyún rèé o. Kì í ṣe ìtọ̀. Gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù lónìí."

"Ìyá Sìrájù, ẹ má yọ mí lẹ́nu. Tó bá di ọjọ́ Ajé, a ó lọ."

Ó wò mí, ó tún wo ìró, ó lọ. Ìwà rẹ̀ nìyẹn, kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo fi máa ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tòun ti gèlè mi, Tóyọ̀sí ti ń gbọ̀n, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ó sì ti ń rọbí. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni mo rí gbà. Kòtò ọ̀nà yẹn kò ṣeé kà, gbogbo rẹ̀ la sì kó sí títí a fi dé ọsibítù ní Ọ̀yọ́. Nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ mi pé ìgbà wo ni omi ti ń jò.

"Àárọ̀ yìí ni," mo ní.

Ojú tì mí ni. Tíṣà bíi tèmi, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìmọ̀ ìlera! Tóyọ̀sí ń kérora, kò gbọ́.

Ọmọ dé kí wákàtí kan tó pé. Kò wúwo tó àgbébọ̀ adìẹ. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú àpótí gíláàsì. A sọ ọ́ ní Ayọ̀mídé. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ níbẹ̀.

Nígbà tó délé, èmi fúnra mi ni mo lọ pe Ìyá Sìrájù. Ó wo ọmọ náà títí.

"Ọmọ yìí mà kéré, Tíṣà. Jẹ́ kí n kàn máa fi aṣọ nù ún."

"Rárá o. Bí ẹ ṣe wẹ ìyá rẹ̀ ni kí ẹ ṣe wẹ̀ ẹ́. Àbí ẹ fẹ́ kó di ojo ni?"

Ó wẹ̀ ẹ́. Ó jù ú sókè, kò ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi í sílẹ̀ lọ́wọ́. Èmi ni mo ń kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Oṣù mẹ́jọ kọjá, Ayọ̀mídé kò lè jókòó. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ le gbagidi, ó di ọwọ́ òsì pọ̀, kì í ṣí i. A gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbabẹ́rẹ́ àjẹsára ní Jọ́bẹ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó jọ pé nǹkan ṣe ọpọlọ rẹ̀, kí á gbé e padà lọ sí Ìbàdàn. Ó wá béèrè pé ṣé ẹnì kan máa ń ju ọmọ náà sókè.

Mi ò gbọ́ ohun mìíràn mọ́. Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ ní Ilora, Ìyá Sìrájù ń pọnmi, àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá sì tò sẹ́nu ẹ̀rọ.

"Ìwọ Bàrákátù! O ti ba ọpọlọ ọmọ ọmọ mi jẹ́! Ọwọ́ burúkú ni ọwọ́ ẹ!"

Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ẹni tó fọ ẹ̀jẹ̀ ara mi, òun ni mo ń pè ní ìwọ. Tóyọ̀sí bú sẹ́kún. Ìyá Sìrájù la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo Tóyọ̀sí, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó gbé korobá tí kò tíì kún, ó wọlé.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é mọ́. Sàúdátù ìyàwó Sìrájù bímọ nínú ilé kan náà, ìyá ọkọ kò fọwọ́ kan ọmọ. Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Mo máa ń gbọ́ igbe ọmọ tuntun náà láti ẹ̀yìn ògiri, ìyá rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó sì dùn mọ́ mi nínú. Mo jẹ́wọ́, ó dùn mọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni a tó rí dókítà tí wọ́n ní kí á rí ní Ìbàdàn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hamidah. Ó tú fáìlì ọmọ náà, ó yọ àwòrán orí kan jáde.

"Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí i ni wọ́n ya èyí," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú ọpọlọ rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé àwọn sọ fún bàbá rẹ̀."

Akínwándé mọ̀, ó jẹ́wọ́ nígbà tí a pè é lórí fóònù. Wọ́n ní ó lè gbẹ fúnra rẹ̀, ó sì gbé e sínú kí ọkàn àwa obìnrin má bàa dàrú.

"Nígbà náà kì í ṣe wíwẹ̀ ni?" Tóyọ̀sí béèrè.

"Kí ẹ má ju ọmọ sókè mọ́ o, kò dára. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ yìí ti wà kó tó délé yín."

Ó ṣàlàyé fún wa pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ tó wà lábẹ́ èèpo ẹyin, nǹkan díẹ̀ ló lè ya á. Ó lè jẹ́ àrùn tó wọ ilé ọmọ nígbà tí omi oyún bá ti pẹ́ tó ti ń jò. Ó lè jẹ́ pé ìyá kò tètè dé gba abẹ́rẹ́ tó ń ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ó sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ó béèrè bóyá a ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Mo ní èmi. Ó gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti Tóyọ̀sí fún àyẹ̀wò, ó ní kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun kan pàtó ló fà á. Ó wá wo fáìlì.

"Wọ́n kọ ọ́ pé àárọ̀ ọjọ́ ìbí ni omi bẹ̀rẹ̀ sí jò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Màmá?"

Tóyọ̀sí kò wò mí. Ó gbà pé ìtọ̀ ni ti ọjọ́ Ẹtì, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé.

Dókítà fi bí a ó ṣe máa na ẹsẹ̀ òsì náà hàn wá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ní bí a bá tẹ̀ lé e, ó lè rìn.

Bí a ṣe délé ni mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Sìrájù. Mo sọ ọ̀rọ̀ àwòrán náà fún un. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n.

"Kì í ṣe èmi?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin, mà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nídìí okùn aṣọ pé omi oyún ni. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ sí mi lójú lọ́jọ́ náà, lẹ́nu ẹ̀rọ?"

Ó gbé ọwọ́ náà lé itan rẹ̀.

"Bí mo bá sọ ọ́, ta ni Tóyọ̀sí á máa sunkún sí lọ́rùn? Ìwọ nìkan lọmọ náà ní nílé yẹn. Aládùúgbò lèmi, ó lè máa bínú sí mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo sì rò pé lóòótọ́, bóyá ọwọ́ mi ni. Dìde, Tíṣà. Má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ rẹ mọ̀."

Ó fẹ́ kí n máa gbé àṣírí náà sínú. Mi ò lè gbé e. Mo padà wọlé, mo bá Tóyọ̀sí tó ń múra láti wẹ ọmọ, mo gba ọmọ lé ẹsẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ìró, ìtọ̀ tí kì í ṣe ìtọ̀, àjọ̀dún, irọ́ méjèèjì, àti ẹni tó kìlọ̀ fún mi.

Ó gbé Ayọ̀mídé kúrò lórí ẹsẹ̀ mi, ó mú korobá omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ náà, ó jáde. Mo gbọ́ nígbà tó kan ilẹ̀kùn ilé kejì. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n fa àpótí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi ń dà jẹ́jẹ́, ohùn àgbàlagbà kan sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń na ẹsẹ̀ kékeré kan: "Má bẹ̀rù òkè. Má bẹ̀rù ilẹ̀. Má bẹ̀rù èèyàn."

Wọ́n gbàgbé aṣọ ìnura Ayọ̀mídé sọ́dọ̀ mi. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo ń retí kí ẹnì kan pè mí pé kí n mú un wá. Kò sẹ́ni tó pè mí.