Ọjọ́ Tí Láptọ́ọ̀pù Ń Kú Lórí Yìgì Mi

Nílé tiwa, ìyàwó kì í jáde sí pálọ̀ tí wọ́n bá ń so yìgì rẹ̀. Yàrá ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn obìnrin títí tí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè é. Èmi jáde ní tèmi, pẹ̀lú làálì lọ́wọ́ àti ìbòrí funfun lórí, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tó lè sọ ohun tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù mi.

Ajah ni ilé wa, láwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀, tí eruku ibẹ̀ kì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ lára ẹnikẹ́ni. Fóònù ọwọ́ wa nígbà náà ò mọ̀ ju ìpè àti tọ́ọ̀ṣì lọ. Màléṣíà ni àfẹ́sọ́nà mi ti ń kàwé. Àwọn òbí rẹ̀ ti wá tọrọ mi, bàbá mi sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ò tíì fojú kan ọmọ náà rí. Nígbà tí ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n so yìgì náà lórí fóònù, bàbá mi yarí.

"Mi ò ní fi ọmọ mi fún ohùn lásán. Ojú ẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

Bí láptọ́ọ̀pù mi, tó lè gbé ojú rẹ̀ wá láti Màléṣíà, ṣe di ẹlẹ́rìí yìgì nìyẹn. Bátìrì rẹ̀ ti wú, mo ti yọ ọ́ sọ nù, iná ìjọba nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wa náà ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n iná wà láti àárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ń dúpẹ́.

Ohun tó dẹ́rù bà mí ni ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ kí Ààfáà tó ṣí àdúrà. Wọ́n ní àwọn ti gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Ọlọ́run.

"Tó bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, a jẹ́ pé Ó fọwọ́ sí i. Tó bá ń ta kókó, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má bi mí mọ́."

Gbogbo pálọ̀ ṣe àmín. Mo gbọ́ àmín yẹn látinú yàrá.

Ojú àfẹ́sọ́nà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, fìlà rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ààfáà ń bi í lórúkọ, ni ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Ìyàwó wa, máa bọ̀ o!" Àbúrò bàbá mi ló ń pariwo. "Láptọ́ọ̀pù ẹ ti ọ́ọ̀fù, ó tún ń ọ́ọ̀nù ara ẹ̀!"

Mo jáde. Mo fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó gbóná. Mo ní ooru ni. Mo gbé e sórí àwo tánganran, mo ní kí wọ́n kọjú fáànù sí i. Ojú àfẹ́sọ́nà mi tún yọ, Ààfáà ní "Bísímílláhì", ó tún kú. Mo tún jáde. Mo yọ mọ́dẹ̀mù tó ń fún wa ní nẹ́tíwọọ̀kì, mo tì í bọ ojúhò mìíràn, mo ti gbogbo ohun tó ṣí nínú kọ̀ǹpútà tí kò kan yìgì pa. Ó tún kú.

"Ẹ̀gbọ́n, sáìnì lèyí o," ni àbúrò bàbá mi wí. "Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀, àbí ẹ ò gbọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ burúkú dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń fa tẹ̀sùbáà wọn lọ, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Mo mọ̀ pé tí mo bá kàn tún un tàn, tó bá tún fi lè kú, ó parí nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ rí ohun tó ń pa á, kí n sì fi han bàbá mi.

Mi ò padà sí yàrá mọ́. Mo kúnlẹ̀ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìyàwó mi ń gbálẹ̀, mo ń wo ṣájà, mo ń tẹ́tí. Wẹ́dà tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa ń fi iná mànàmáná jó irin géètì fún àwọn ilé tuntun tó ń hù lọ́nà Awoyaya, tí iná bá sì ti wà, kì í sinmi. Irin rẹ̀ dún, ṣàààà! Gílóòbù pálọ̀ rẹ̀wẹ̀sì, kọ̀ǹpútà kú. Mo dúró kó tan. Irin tún dún. Gílóòbù tún rẹ̀wẹ̀sì, ó tún kú.

"Wẹ́dà ni!" Mi ò rántí pé ìyàwó ni mí, mo figbe ta. "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ wo gílóòbù! Tó bá ti ń jó irin, ó ń fa iná wa. Láptọ́ọ̀pù ò sì ní bátìrì tó máa gbé e dúró!"

Gbogbo wọn gbójú sókè. Irin dún, gílóòbù ṣe bí mo ṣe wí, àbúrò bàbá mi sì yanu. Bàbá mi nìkan ni kò wòkè. Wọ́n dìde, wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n jáde. Kò pẹ́ tí ariwo irin fi dákẹ́. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó.

"Ààfáà, ẹ máa bá a lọ."

Ojú ọmọ náà yọ. Bàbá mi wò ó títí, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé wọ́n fẹ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àwọn fi mí fún un. Ó ní òun gbà. Àwọn ẹlẹ́rìí ní àwọn rí i, àwọn sì gbọ́ ọ. Yìgì so.

Nígbà tí oúnjẹ ń lọ, mo gbé omi lọ fún bàbá mi níbi tí wọ́n dá jókòó sí lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ pé wọ́n bá mi bẹ wẹ́dà. Wọ́n gba omi náà, wọn ò mu ún.

"Mo ti rí gílóòbù yẹn láti ìgbà tó kọ́kọ́ kú," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ pé wẹ́dà ni. Màléṣíà ti jìnnà jù. Mo ní tí mo bá dákẹ́, bóyá wàá ṣẹ́ kù sílé."

Inú bí mi, àánú wọn sì ṣe mí. Látinú pálọ̀, ohùn kan ń béèrè mi nínú láptọ́ọ̀pù.

"Dìde," ni bàbá mi wí. "Ọkọ ẹ ń pè ẹ́."

Wọn ò pè é ní ọkọ mi rí.