Ẹ̀kúnwọ́ Ìyẹ̀fun Aga-aga

Ta ni kò mọ Ìtùnú ní àdúgbò wa, Okumagba Layout? Jẹ́lì tó ń sè sínú ife ike kéékèèké, àwọn ọmọ iléèwé á fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lé e lórí. Aga-aga ló fi ń ṣe é, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí lára koríko pupa inú òkun. Irú ṣúgà kan ni, àmọ́ kì í dùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fa omi mu, kó wú, kó sì di omi náà mú pinpin. Ìtùnú á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ kó tó gbé e kaná, tó bá wá tutù, á dì. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ ní gbígbẹ.

Bàbá rẹ̀, Bámigbóyè, apẹja Ìlàjẹ tó ti dàgbà kọjá ẹni tó ń lọ pẹja lódò, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti sọ pé àtọ̀gbẹ ń bá a jà ni Ìtùnú ti kó ṣúgà àti oyin pa mọ́, tó ń ṣọ́ baba bí ẹni ń ṣọ́ ológbò nídìí ẹja. Baba ráhùn títí, ó sú u. Lọ́jọ́ kan, ó rí Ìtùnú tó ń wọn aga-aga, ó sì bi í pé kí nìyẹn. Ẹnu ọmọ yìí náà kì í gbélé, ló bá ní ṣúgà inú òkun ni, irú èyí tí kò lè pa alátọ̀gbẹ lára. Baba wo ibi tó gbé ike náà sí.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń jẹ gaàrí gbígbẹ: èèyàn á bu ẹ̀kúnwọ́, á jù ú sẹ́nu, á fi omi lé e. Inú ọkọ̀ ojú omi ni baba ti kọ́ ọ, ó sì ti di bárakú fún un. Lọ́sàn-án Sátidé kan, Ìtùnú wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ ife. Baba yọ́ wọ kíṣìnì, ó ṣí ike aga-aga, ó ju ẹ̀kúnwọ́ sẹ́nu.

Ìtùnú gbọ́ tí àwo fọ́. Kó tó débẹ̀, baba ti di ọrùn ara rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ ti yọ síta, ìyẹ̀fun kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe fún ẹni tí gaàrí há lọ́fun ni Ìtùnú náà ṣe: ó sáré bu omi, ó gbé e sí baba lẹ́nu. Baba gbé díẹ̀ mì, ìyókù gba imú jáde, èémí rẹ̀ wá tín-ín-rín sí i.

Rosemary aládùúgbò wọn ti sáré wọlé, ó ti bu omi mìíràn dání. Ìtùnú wo omi yẹn, ó wo ike tó ṣí sílẹ̀, ó wá yé e. Omi tó fún baba ni ìyẹ̀fun náà ń mu tó fi ń wú. Ìtùnú fúnra rẹ̀ ló ń dí bàbá rẹ̀ lọ́fun. Ó gbá ife náà dànù lọ́wọ́ Rosemary.

"No give am water again," ó ní. "Go find kẹ̀kẹ́."

Nínú kẹ̀kẹ́, ó tẹ baba síwájú, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń fìka wa ohun tó ki bí ẹ̀kọ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, a máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ lọ bi Ìtùnú bóyá ẹ̀rín wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù bà á débi pé kò rántí àdúrà kankan. Ọkọ̀ dí ojú ọ̀nà pa. Èémí baba dákẹ́, ó padà, ó tún dákẹ́.

"Bàbá, ẹ mí," ló ń wí ṣáá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí."

Ọlọ́run bá a ṣe é, wọ́n dé ọsibítù. Dókítà fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa ìyókù jáde lọ́fun baba. Nígbà tí wọ́n ní kí Ìtùnú wọlé, ó fẹ́ bínú, àmọ́ ìbẹ̀rù kò jẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó bi baba pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn baba ti ha.

"Ìwọ lo ní ṣúgà tí kò lè pa mí lára ni." Ó fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n. "Ó ti pẹ́ tí ohun dídùn ti kàn mí láhọ́n, ọmọ mi. Kò tiẹ̀ dùn."

Ìtùnú bú sẹ́kún. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé omi wọlé pé kí baba mu díẹ̀, ó sáré fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo baba lẹ́nu.