Bí Bàbá Súárà Ṣe Ná “Kò Ṣeé Ṣe”

Ìtàn tí gbogbo ará Ìfàkọ̀ fi ń rántí Bàbá Súárà ni ti ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé fóònù rẹ̀ lọ sí Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì ní Ìkẹjà. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Ọláwọlé tó ń tún fóònù ṣe, ó ní kò gbé fídíò. Ọláwọlé yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó wá mi orí.

“Bàbá, kò sóhun tó ṣe fóònù yìí. Ṣé òkè òkun ni wọ́n ti rà á?”

“Kánádà. Ọmọ mi ló rà á.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń gba ojú ọ̀nà nínú afẹ́fẹ́, báǹdì là ń pè é. Báǹdì tiwọn lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí tiwa. Èyí tó ń gbé ìpè lásán wà nínú tiyín, òun lẹ fi ń gbọ́ hẹ́lò. Àwọn tó ń gbé fídíò níbí ni kò sí.”

“Mélòó ni kò sí?”

“Mẹ́ta, sà.”

Bàbá Súárà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Mẹ́ta ti pọ̀ jù. Fi méjì sí i fún mi.”

“Bàbá, kò ṣeé ṣe. Wọn kì í pààrọ̀ báǹdì. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.”

“Ó dáa, fi ẹyọ kan sí i.”

“Mo ní kò ṣeé ṣe!”

“Mo gbọ́,” ni Bàbá Súárà wí. “Bí o ṣe kọ́kọ́ pè é nìyẹn. Jálẹ̀ ńkọ́?”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Súárà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, bí oníbàárà tó fẹ́ kí ọlọ́jà pe òun padà. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ṣájà, ó dúró, ó ń wo ṣájà tí kò fẹ́ rà. Ó tún rìn síwájú díẹ̀. Nígbà tó rí i pé wọn ò ní pe òun, ó yí padà, ó wọlé tọ Ọláwọlé wá.

“O pè mí?”

“N ò pè yín o, Bàbá.”

“Mo gbọ́ pé o pè mí.” Ó fa àga, ó jókòó.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Súárà ni orúkọ tirẹ̀ gan-an. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ọ̀dọ́ ló sì jẹ́ nígbà tó dé Agége, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ṣe fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé ohunkóhun tó bá ti ẹnu ènìyàn jáde, iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè ni. Dókítà ní kó sinmi ọ̀sẹ̀ méjì nítorí orúnkún, ó ná an títí dókítà fi gbà fún un pé kó ṣe é di ọjọ́ Jímọ̀. Tí wọ́n bá yàn án jẹ nínú ọjà, ó máa ń dùn ún wọ eegun, ṣùgbọ́n tí wọn kò bá jẹ́ kó ná an, ìyẹn ló ń dùn ún jù.

Nínú oṣù Ramadáànì, Àáfà Ọládiméjì ń ṣe wàásí, oòrùn ń lọ, àwọn obìnrin sì ti gbé ìkòkò ka iná sílé. Bàbá Súárà na ọwọ́ sókè láti ọwọ́ ẹ̀yìn nínú mọ́ṣáláṣí.

“Àáfà, wàásí yìí dára. Ẹ bá wa dín in kù.”

“Bàbá Súárà, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Wọn kì í ná an.”

“Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò gùn. Àlàyé yín ló gùn.”

Bó bá sì ná ọjà tán, á tún gba ènì. Kò sí ohun tí kì í gba ènì lé lórí. Wọ́n yọ eyín rẹ̀ kan nílé ìwòsàn, ó ní ènì òun dà, wọ́n bá yọ ìkejì tó ti ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rìn jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn kò já a wálẹ̀ fún un. Ibà ló mú Nusrat, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ Sùlíyá bí fún un, nígbà tó wà ní kékeré. Ibà náà lọ, ó sì gbé etí ọmọ náà lọ. Wọ́n ní kò ní gbọ́ ohùn mọ́. Bàbá Súárà gbé e láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó gbọ́ díẹ̀, kí etí kan ṣoṣo tiẹ̀ gbọ́. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ lé ọmọ náà lọ sí ilé ìwé àwọn adití, ó jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ nípọn, irin ti sọ ọ́ di líle, ó sì máa ń jù ú gan-an tó bá ń sọ̀rọ̀. Nusrat ní bàbá òun máa ń fi ọwọ́ pariwo.

Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí wọn kò kọ́ ní ilé ìwé kankan. Wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì bí igbá, wọ́n á fi ìka ọ̀tún bu díẹ̀ lé e lórí, bí ẹni tó ń ta gàrí ṣe ń ṣe. Ènì nìyẹn. Tí wọ́n bá ní kí Nusrat lọ sùn, ènì ló máa ń fi ọwọ́ béèrè, kí wọ́n jẹ́ kó tún ṣeré díẹ̀ sí i. Bàbá rẹ̀ kì í lè kọ̀.

Nusrat dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì àti kéèkì, ó sì ríṣẹ́ sí Kánádà. Owó oṣù àkọ́kọ́ tó gbà níbẹ̀ ló fi ra fóònù tí à ń wí yìí, kí òun àti àwọn òbí òun lè máa rí ọwọ́ ara wọn. Fóònù dé. Ó dán, ó rẹwà, ó sì ń dún. Kí ni ìró fẹ́ ṣe láàárín Nusrat àti bàbá rẹ̀? Ó ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Sùlíyá kò mọ̀wé kà, Bàbá Súárà náà sì ní ọmọ lòun bí, òun ò bí lẹ́tà.

Yẹmí, ayálégbé rẹ̀, fẹ́ ràn án lọ́wọ́. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa fún yín ní hótsípọ́ọ̀tì, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi máa wọ tiyín.”

“Nígbà tí o bá gbé e lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́? Kí n máa sáré tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn?”

Wọ́n bá fi fóònù Yẹmí pe Nusrat. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, fóònù tí òun rà dà? Bàbá Súárà ní ó ń gba iná lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tún pè, ó tún béèrè. Bàbá ní ó ṣì ń gba iná. Lẹ́ẹ̀kẹta, ojú ọmọ náà kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó fọwọ́ béèrè jẹ́jẹ́ bóyá èyí tí kò dáa lòun rà. Ọkàn Bàbá Súárà gbọgbẹ́. Ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó búra pé fóònù náà dára, àti pé òun ni àwọn máa fi kí i kú ọdún Iléyá.

Ìdí nìyí tó fi jókòó ti Ọláwọlé. Wọn kì í tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù tán kó tó dé. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun ọ̀sán. Nígbà tó pẹ́ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn oníbàárà ná ọjà.

“Èló ló pe gíláàsì yẹn fún ọ? Má san án. Lánàá, ó gba iye tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Àwọn oníbàárà ń dúpẹ́, Ọláwọlé ń di orí mú. Iléyá ti ku ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú u pátápátá.

“Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kí fóònù tó lè gba báǹdì kan, irinṣẹ́ tó ń mú báǹdì yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Tí wọn ò bá fi sí i níbi tí wọ́n ti ṣe é, kò sí bí a ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ níbí. Àyàfi...” Ó pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Bàbá Súárà ti dìde. “Àyàfi! Ẹ gbọ́ o! Ó ti ń já a wálẹ̀!”

Ọláwọlé mí kanlẹ̀. “Àyàfi tó bá jẹ́ pé ó wà nínú rẹ̀, àmọ́ wọ́n fi sọ́fítíwíà tì í pa torí pé wọn ò nílò rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìyẹn nìkan la lè gbìyànjú láti ṣí. Ó sì lè ba fóònù jẹ́, Bàbá. Ó lè kú, kó má jí mọ́.”

Bàbá Súárà mú fóònù, ó lọ sílé, kò dúró lọ́dọ̀ ẹlẹ́ṣájà. Ó rò ó fún Sùlíyá bó ṣe jẹ́. Fóònù tí ọmọ wọn fi owó àkọ́kọ́ rà, tó bá lọ kú mọ́ òun lọ́wọ́ ńkọ́?

Sùlíyá ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. “Bàbá Nusrat, fóònù tí kò lè fi ọmọ mi hàn mí, ṣé ó wà láàyè tẹ́lẹ̀ ni?”

Ó padà lọ ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ náà ni Iléyá ku ọ̀la. “Ṣí i,” ló wí fún Ọláwọlé. “Ṣùgbọ́n tó bá kú, ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ fún ọmọ mi. Ẹnu kọ́, ọwọ́ ni.” Ó di ọwọ́ Ọláwọlé ní ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e lé e láyà, ó ń yí i po. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé “ẹ má bínú” nìyẹn. Ó rí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kó tó gbé fóònù fún un.

Ọláwọlé so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó wo báǹdì àkọ́kọ́, kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ìkejì náà kò sí. Ìkẹta wà níbẹ̀, wọ́n tì í pa. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, fóònù bá ṣókùnkùn. Bàbá Súárà kò lè dúró wò ó. Ó jáde, ó ń rìn lọ, kò sí ọgbọ́n ọjà kankan nínú ìrìn náà. Ó ti kọjá ẹlẹ́ṣájà.

“Bàbá! Bàbá Súárà! Ẹ padà wá!”

Ìlà ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Bàbá Súárà dúró. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó wá yí padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò kánjú.

“O pè mí?”

“Mo pè yín!” Ọláwọlé ń fò sókè. “Ó ti mú un! Ẹyọ kan ti wọlé!”

Wọ́n pe Nusrat lójú ẹsẹ̀. Ó yọ, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì béèrè pé fóònù ta nìyí. Bàbá Súárà na ìka sí i, ó lu àyà ara rẹ̀, ó tún na ìka sí i. Tìẹ ni! Tìẹ ni! Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí Ọláwọlé ṣe rí omijé, jìnnìjìnnì mú un, ó gbé ẹ̀ṣẹ́ lé àyà, ó ń yí i po, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣe lóore. Ariwo ayọ̀ sọ ní gbogbo ìlà náà.

Bàbá Súárà bi í pé èló ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọláwọlé pe iye kan. Bàbá Súárà san án láìná an. Ẹ̀rù ba Ọláwọlé, ó béèrè bóyá ara Bàbá yá. Ìgbà tí Bàbá wá ní ènì òun ńkọ́ ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi ni ẹyọ báǹdì náà ti ń mú jù nínú ọgbà ilé Bàbá Súárà. Wọ́n kí Nusrat kú Iléyá níbẹ̀, Sùlíyá sì rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ pọn omi nígbà tí Bàbá Súárà bá ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò ní sùúrù. Bí Nusrat bá ní òun ń lọ, àgbà náà á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì, á sì bu ènì lé e lórí. Nusrat kì í lè kọ̀.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dé, dókítà ní kò ní lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Bàbá Súárà fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní jálẹ̀ ńkọ́? Ó lo ọdún méjì lé díẹ̀. Ó ní díẹ̀ yẹn ni ènì.

Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín, bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, Nusrat kò sì lè dé. Ọláwọlé ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkẹjà pa, ó wá, òun ló di fóònù mú lẹ́bàá ibojì, ó na ọwọ́ sókè kí ẹyọ báǹdì náà má baà já. Kò já. Nusrat wà nínú fóònù, ó ń wò. Àáfà Ọládiméjì ṣe àdúrà kúkúrú, torí ó mọ ẹni tí wọ́n ń sin. Bí Àáfà ṣe ń fọwọ́ pa ojú lẹ́yìn àdúrà ni Ọláwọlé rí Nusrat tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ nínú fóònù. Ó ká àtẹ́lẹwọ́ òsì bí igbá, ó ń fi ìka ọ̀tún bu nǹkan lé e lórí, ó ń bù ú, kò dáwọ́ dúró.

“Ìyá, kí ló ń sọ?” ni Ọláwọlé bi Sùlíyá.

Sùlíyá nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí Àáfà. “Àáfà, Nusrat ní kí ẹ fi ènì sí i.”

Ẹ̀rín sọ lẹ́bàá ibojì, omijé sì tẹ̀ lé e. Àáfà Ọládiméjì kọjú sí ibojì. “Bàbá Súárà,” ló wí, “ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí n dín in kù.” Ó tún gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn. Ó gùn, ó gùn gan-an. Kò sẹ́ni tó ní kó dín in kù.